Ẹbí mi ni oníbàárà ọ̀gá mi fẹ́ pè lẹ́jọ́: ǹjẹ́ òfin àṣírí de akọ̀wé bí ó ṣe de lọ́yà?

Ìbéèrè tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo. N kì í ṣe lọ́yà, dípúlómà ni mo ní. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, opó kan gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá bá ọ̀gá mi, èmi ni mo sì ṣí fáìlì rẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ pè lẹ́jọ́ ni mo rí i pé àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn tí wọ́n sanwó ilé-ìwé mi láti kékeré. N kò sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí ọ́fíìsì wa kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí wọn, wọ́n rí àdírẹ́sì wa, wọ́n sì pè mí. Wọ́n béèrè bóyá obìnrin náà ní ìwé sọ́fè, mo dáhùn pé ó ní. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí n ya fọ́tò ohun tí ó wà nínú fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Ìyá mi ní ẹyẹ ní ń sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, pé n kì í ṣe lọ́yà, òfin àwọn lọ́yà kò dè mí. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?"

Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo sì rí i pé ìbéèrè méjì ni ó wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni ẹ kọ jáde. Èyí tí ẹ kọ ni pé bóyá ìdè tí ó wà lọ́rùn agbẹjọ́rò lórí àṣírí oníbàárà wà lọ́rùn akọ̀wé rẹ̀ náà. Èyí tí ẹ kò kọ, ṣùgbọ́n tí ó hàn nínú gbogbo gbólóhùn yín, ni pé báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ̀ fún ẹni tí ó sanwó ilé-ìwé rẹ̀ láìdi aláìmoore. Èkíní ní ìdáhùn tààrà. Èkejì kò ní irú rẹ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé abala òfin kan wà tí yóò parí rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo ti bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé nínú iṣẹ́ yìí tó láti sọ ohun tí mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún ìyá yín níbi tí wọ́n ti tọ̀nà. Ní Nàìjíríà, agbẹjọ́rò ni ẹni tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfin kọjá, tí ìgbìmọ̀ Body of Benchers gbà sí iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé orúkọ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ń tọ́jú. Òun ni ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò ń bá wí ní tààrà, ìyẹn èyí tí ó jáde ní 2007, àti ti 2023 tí ó rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ìgbìmọ̀ tí ń bá agbẹjọ́rò wí, tí a mọ̀ sí LPDC, lè kìlọ̀ fún un, ó lè dá a dúró fún ìgbà kan, ó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ó sì lè pàṣẹ pé kí ó dá owó tàbí ìwé oníbàárà padà. Kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí akọ̀wé. Kò sí ìwé tí wọn yóò ti yọ orúkọ yín, nítorí wọn kò kọ yín sí ọ̀kankan. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ìyá yín ì bá jàre.

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 192, sọ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ tú ohun tí oníbàárà bá a sọ nítorí iṣẹ́ tí ó gbé fún un, kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó wà nínú ìwé tí ó tipa iṣẹ́ náà rí tàbí bí ìwé náà ṣe rí, kò sì gbọdọ̀ sọ ìmọ̀ràn tí ó fún un, àyàfi bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Abala tí ó tẹ̀lé e, ìyẹn 193, kò ju gbólóhùn kan lọ, àwọn akọ̀wé tí ó sì ti kà á kò pọ̀ rárá nínú àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́: ó ní ohun tí abala 192 sọ kan ògbufọ̀ àti akọ̀wé agbẹjọ́rò pẹ̀lú. Ẹ̀yin gan-an ni abala yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Òfin náà sì fi kún un pé ìdè yìí kì í tú nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹ bá fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀ lọ́la tí ẹ lọ ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìgbọ̀nà, ohun tí ẹ kà nínú fáìlì opó náà ṣì wà lábẹ́ ìdè.

Ìdè kejì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìlànà ìwà náà ní kí agbẹjọ́rò ṣe ìtọ́jú tí ó yẹ láti rí i pé àwọn tí ó gbà síṣẹ́, àti àwọn tí ó ń lò fún iṣẹ́ rẹ̀, kò tú àṣírí oníbàárà, wọn kò sì lò ó. Ìlànà kan náà ní kí ó sọ fún oníbàárà, ní ọjọ́ tí ó bá gba ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí ó dà á pọ̀ mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, tí ó lè mú kí oníbàárà náà rò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun ni òun fẹ́ lò. Lóòótọ́, ìbátan agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ ni gbólóhùn yẹn dárúkọ, kò dárúkọ ti akọ̀wé. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀gá yín ṣe máa tọ́jú àṣírí obìnrin náà lọ́wọ́ ewu tí kò mọ̀ pé ó jókòó sí tábìlì iwájú òun? Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé dídákẹ́ yín ní ọjọ́ tí ẹ rí orúkọ àbúrò ìyá yín ni àṣìṣe àkọ́kọ́, ó sì ṣáájú ìpè tẹlifóònù náà. Ẹ̀yin kò pe àbúrò ìyá yín lẹ́jọ́, ẹ kò sì yan ẹni tí yóò wọlé wá gbé ẹjọ́ fún ọ̀gá yín. Kò sí ẹ̀bi nínú jíjẹ́ ọmọ ẹbí. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdáhùn kan ṣoṣo tí ẹ fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni mo sọ. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, mo wà ní ọ́fíìsì kan tí a ti ń bá ìyá oníṣòwò kan já ọ̀rọ̀ ilé. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gba ilé náà jẹ́ ₦400,000, àwa àti oníbàárà wa sì ti jókòó sọ ọ́ láàárín ara wa pé bí wọ́n bá lè san ₦250,000, kí a gbà, kí ẹjọ́ tán, nítorí ara ìyá náà kò le. Akọ̀wé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò lè pè ní ènìyàn burúkú títí di òní, wà níbi ìkómọ kan, ó ń fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣeré, ó ní ìyá náà ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Kò kọ́kọ́ dárúkọ owó; ẹnìkan tí ó jókòó tì í ni ó fi ọgbọ́n bi í títí tí ó fi sọ iye rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi ìpẹ̀tùsíjà, àwọn yẹn mú ₦250,000 wá géérégé, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́yà wọn kò jalè, kò ṣe màgòmágó. Ohun tí a sọ fún un ni ó lò. Ìyá náà gbà á. Ó wò mí lójú ní àbáwọlé, ó ní, "Lọ́yà, ta ni ẹ sọ fún?" N kò ní ìdáhùn, nítorí n kò tíì mọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni akọ̀wé yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ àṣírí, kì í ṣe ìwé tí a dì sí àpótí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Iye tí oníbàárà lè gbà, ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù ń bà, ìwé tí ó sọnù, ọjọ́ tí a fẹ́ pẹjọ́, bí ara ẹni ṣe rí: ohun tí ó ń bá ẹjọ́ jẹ́ nìwọ̀nyí, gbogbo wọn ni ènìyàn sì lè sọ láàárín ìṣẹ́jú kan lórí fóònù. Ti ìwé sọ́fè yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ẹjọ́ kò tíì dé kóòtù. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ nísinsìnyí pé obìnrin náà ní sọ́fè lè sáré bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí ilẹ̀ náà ká, ó lè wá ẹni tí yóò tà á fún, ó sì lè lọ wá ìwé tí yóò fi dojú kọ ti obìnrin náà. N kò sọ pé àbúrò ìyá yín yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sí jàǹbá kankan tí yóò tẹ̀yìn ìdáhùn yín yọ. Ṣùgbọ́n ewu náà kì í ṣe tiyín láti dá lé ara obìnrin tí kò mọ̀ pé ó wà.

Kí ni ẹ lè ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má ṣe sọ ohunkóhun mọ́, kí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Mo mọ ìdí tí ó fi wu ènìyàn. Ṣùgbọ́n fáìlì náà yóò máa kọjá lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, àbúrò ìyá yín yóò máa pè, ìyá yín yóò sì máa sunkún sí yín létí. Ọjọ́ kan yóò dé tí ara yóò rẹ̀ yín. Bí ó bá sì tú ní kóòtù pé ọmọ ẹ̀gbọ́n olùjẹ́jọ́ ni ó ń tọ́jú fáìlì olùpẹ̀jọ́, ọ̀gá yín ni opó náà yóò kọ ìwé ẹ̀sùn lé lórí, ì báà jẹ́ sí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò níbí ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ sí Abuja. Ọ̀gá yín kò sì ní rí ohun tí yóò fi hàn pé òun ṣe ìtọ́jú tí ó yẹ, torí pé ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún un kò sọ. Èkejì ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ ìdí. Ìyẹn yóò gbé yín kúrò lẹ́bàá fáìlì, ṣùgbọ́n kò ní tú ìdè abala 193, kò sì ní jẹ́ kí obìnrin náà mọ ohun tí ó ti jáde.

Èyí tí ó kù ni ó le jù, òun náà ni èmi yóò sì ṣe bí ó bá jẹ́ èmi: ẹ lọ bá ọ̀gá yín, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láì fi ìdáhùn lórí sọ́fè náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe pín in sí méjì, kí ẹ sọ ìbátan lónìí kí ẹ fi ìpè tẹlifóònù dúró di ìgbà mìíràn, nítorí èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ni yóò ba èyí tí ẹ sọ jẹ́. Ẹ lọ ní àárọ̀ kí oníbàárà tó kún ọ́fíìsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, ojú ewé kan ti tó: ọjọ́ tí ẹ rí orúkọ náà, ọjọ́ tí wọ́n pè yín, ohun tí wọ́n béèrè, ohun tí ẹ dáhùn. Bí ọ̀gá yín bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò gba fáìlì náà kúrò lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀, yóò sì fi í síbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tó o. Lẹ́yìn náà ni yóò pe opó náà, yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un, yóò sì jẹ́ kí ó pinnu bóyá ó ṣì fẹ́ kí ọ́fíìsì náà gbé ẹjọ́ òun. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀ fún un ní pípé. Bí ó bá ní òun gbà kí wọ́n máa bá a lọ, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà ní kíkọ sílẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tí ó gbà, nítorí pé wọ́n sọ fún un kí ó tó gbọ́ ọ níta.

N kò lè ṣèlérí fún yín pé iṣẹ́ kò ní bọ́. Ọ̀gá mìíràn yóò bínú, yóò sì ní kí ẹ máa lọ. Kò sí òfin kan tí ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fún yín ní àkókò ìkìlọ̀ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín sọ. Ẹni ọdún kẹsàn-án lẹ́nu iṣẹ́ ni yín, mo sì mọ bí iṣẹ́ ṣe rí nílùú yìí. Síbẹ̀, nínú àwọn akọ̀wé tí mo ti rí tí wọ́n lọ jẹ́wọ́ fúnra wọn, àwọn tí ọ̀gá wọn jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ pọ̀ ju àwọn tí ó lé lọ. Mi ò rí ẹyọ kan tí ó dúró nínú àwọn tí àṣírí wọn tú láti ẹnu ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ "n kì í ṣe lọ́yà" yìí ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ẹnu akọ̀wé tí ó ń kọ àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀ fún aládùúgbò nílé, tí ó ń gbowó lé e, ni mo ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ó mọ òfin ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Bí ó bá kan ẹrù, kì í ṣe lọ́yà. Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò, ní abala 22, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láti máa gbowó kọ ìwé tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ àti ilé, tàbí ìwé ogún, tàbí ìwé ẹjọ́ ní kóòtù ńlá. Agbẹjọ́rò tí ó bá sì yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní orúkọ àti sítáǹpù rẹ̀ ti rú ìlànà ìwà. Ẹ kò sọ pé ẹ ń ṣe é, n kò sì fi ẹ̀sùn kàn yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé òfin mọ̀ pé akọ̀wé wà, ó mọ ohun tí ó lè ṣe, ó sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn paralegal náà, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe lọ́yà ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́ṣẹ́ láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin, tí Òfin Legal Aid ti 2011 fún àjọ Legal Aid Council láyè láti fún ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Àṣírí ní ààlà tirẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé mo ní kí ẹ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Òfin kò dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá bá lọ́yà sọ láti fi ṣe iṣẹ́ burúkú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ìwé ayédèrú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú fáìlì ọjọ́ kan, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ ẹbí kọ́, fóònù kọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi agbẹjọ́rò tí ó bá ń ka ìwé yìí gbọ́dọ̀ gba ìpín tiwọn. Akọ̀wé wo ni a ti fi abala 193 hàn ní ọjọ́ tí a gbà á síṣẹ́? Ta ni nínú wa tí ó ń ka orúkọ alátakò sétí gbogbo òṣìṣẹ́ kí ó tó gba ẹjọ́, kí ó sì bi wọ́n pé ta ni ó mọ ọ́n? Nílùú bíi Òṣogbo, níbi tí ẹni tí kì í ṣe ìbátan ẹni ti máa ń jẹ́ àna ìbátan ẹni, ìbéèrè yẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A tún ń fi ìwé oníbàárà rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé lẹ́bàá kóòtù, a ń fi ẹ̀dà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó sì ń yà wá lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ bá jáde. Bí ọ̀gá yín bá bínú sí yín, ó tọ́ kí ó bínú díẹ̀ sí ara rẹ̀ náà.

Ó ku àbúrò ìyá yín. Ẹ má ṣe kọ̀ fún wọn lórí fóònù. Ẹ lọ sílé wọn, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún owó ilé-ìwé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ kò ní lè bá wọn sọ̀rọ̀ fáìlì yẹn mọ́, pé ọ̀gá yín ti mọ̀ pé ẹbí ni yín. Ẹ mú ìyá yín lọ́wọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ sọ ohun kan tí ó ṣeé ṣe kí lọ́yà tiwọn má tíì sọ: bí obìnrin náà bá gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, òfin ìgbẹ́jọ́ òde òní ní kí ó kó ọ̀rọ̀ ẹjọ́ rẹ̀, orúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀, ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fẹ́ sọ lábẹ́ ìbúra, àti ẹ̀dà ìwé tí ó fẹ́ lò sílẹ̀ pa pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, báìlífù yóò sì kó gbogbo rẹ̀ wá fún wọn. Bí sọ́fè náà bá wà nínú ohun tí ó gbójú lé, wọn yóò rí i ní ojú ewé tí a fi sítáǹpù kóòtù lù, lọ́yà wọn yóò sì ní àyè láti fèsì. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ó wá kù nínú fáìlì tí ẹ kò lè fi hàn wọ́n, ẹ dá wọn lóhùn pé ohun tí obìnrin náà sọ nígbà tí ó jókòó sí ọ́fíìsì yín tí ó ti ilẹ̀kùn ni.